Orúkọ Òyìnbó Tó Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀ Wa

Ìgànná.

Détọ́lá ọmọ mi,

O kú ewu ọmọ. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí a fi ìyá pààrọ̀ ọmọ ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ara mi le, orúnkún nìkan ni kò gbọ́ràn.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù. Bí o ti ń sọ̀rọ̀ ni mo ń dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n o kò dákẹ́ kí n rí àyè sọ tèmi, mo rò pé o ń bínú ni, àfi ìgbà tí o ní ẹ̀jẹ̀ kò dá lẹ́yìn ìbímọ, pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n fà sí ọ lára ní Dallas, mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

O ní àwọn dókítà ní Willebrand ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Mo rò pé òyìnbó kan ní àdúgbò yín ní Garland ni, tó fi orúkọ rẹ̀ sí ọmọ mi lára láìbi mí. A gbé orúkọ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ dìde, a fi àdúrà dè é mọ́lẹ̀. Mo tilẹ̀ fẹ́ kí àwọn àgbà ìjọ yín wa mọ́tò lọ bẹ̀ ẹ́ kó gba orúkọ rẹ̀ padà.

Nọ́ọ̀sì Salimot ló là mí lóye. Ó ní dókítà tó kọ́kọ́ wádìí àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá ni, pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà, ó ti kú tipẹ́, kò ṣe wá ní ibi kankan. Ó ní ọmọdébìnrin kan ni wọ́n gbé wá bá a, ẹ̀jẹ̀ ti pa nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, òun náà sì padà kú. Mo ní bàbá ọmọ náà ńkọ́? Ó ní òun kò mọ̀. Ó ní láti ara òbí ló ti ń wọ ara ọmọ.

Ìgbà náà ni mo rántí ẹ̀gbọ́n rẹ, Gbéminíyì, bí ó ti bí Fúnlọ́lá tán tí ẹní rin gbindingbindin títí ó fi dákẹ́. A ní ayé ló pa á. Bẹ́ẹ̀ bí abẹ bá gé mi níbi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ mi kì í tètè dá, ìyá yín a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kò mọ irun fá. Ṣé èmi ni mo gbé e fún yín, Détọ́lá? Salimot ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo gbọ́.

Fúnlọ́lá náà ti ń dàgbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, imú rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Salimot ní kí a gbé e lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí nǹkan oṣù rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, pé oògùn wà. Jọ̀wọ́, wá owó ọkọ̀ àti ti àyẹ̀wò fún wa. Má fi gba báńkì o. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́kì jáde lọ, mo jókòó dè é títí, kò padà wálé. Salimot ni kí o fi ránṣẹ́ sí, òun ni yóò gbé e fún mi.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀jẹ̀ rẹ dúró sí ara rẹ. Gbé ọwọ́ lé ọmọ tuntun lórí fún mi. Bí ó bá jẹ́ èmi ló jogún, kí ó jogún ọjọ́ orí mi pẹ̀lú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Albert.