Àbúrò Mi Ló Lọ Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Wò Lórúkọ Mi

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí ẹ̀rù tó bà mí tí n óò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. JSS2 ni mo kàwé dé, ẹ fara dà á bí ọ̀rọ̀ mi bá rí wúruwùru.

Ọdún tí màmá wa kú ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn wọn. Mo máa wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ irun ní Àkúrẹ́, wọ́n á máa pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, mo máa dáhùn, àwọn oníbàárà á máa wo ara wọn. Wọ́n mú mi lọ sí ilé àdúrà kan ní Ọ̀bà-Ilé, mo gbààwẹ̀ títí, ohùn yẹn kò lọ. Ẹnì kan tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ló fún mi ní tramó, oògùn ara ríro tí àwọn èèyàn ń lò yó. Mo lò ó, gbogbo ayé dákẹ́... ẹ ò lè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe dùn tó. Mo wá ń lò ó lójoojúmọ́. Ọkùnrin tó ń tà á ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kì í gba nǹkan míì lọ́wọ́ mi ju ara mi lọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Mo máa ń jí tí mi ò ní mọ iye wọn. Ṣé èmi ni mo fẹ́ ẹ? Ṣé àìsàn yẹn ni?

Ẹ̀gbọ́n màmá wa ló kó èmi àti àbúrò mi obìnrin lọ sí Oǹdó, tí wọ́n mú mi lọ sí ilé ìwòsàn gidi. Wọ́n fún mi ní oògùn orí, ohùn yẹn lọ, mo sì fi tramó sílẹ̀. Ní Oǹdó náà ni mo ti pàdé ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi. Káfíńtà ni, ó ń kọrin nínú kúáyà. Kò tíì bá mi sùn rí, ó ní ó di ọjọ́ tí a bá ṣègbéyàwó, síbẹ̀ ó ti ń pè mí ní Ìyá Ìbejì lójú gbogbo èèyàn. Ohun tó mọ̀ nípa mi kò ju pé mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì wọn kì í kéde ìgbéyàwó láìrí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àbúrò mi jọ mí gan-an, àwọn èèyàn máa ń ṣì wá pè. Mo parọ́ fún un pé abẹ́rẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù, mo ní kó lọ jẹ́ orúkọ mi. Ó padà dé, ó ń fi ìwé náà fẹ́ ara: “Àǹtí mi, ẹ̀jẹ̀ yín mọ́ o! Ẹ ra bọ̀ọ̀lì fún mi jàre.” Mo rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Mo yọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́, mo fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ ara mi. HIV wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní bí mo bá ń lo oògùn lójoojúmọ́, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé kòkòrò náà ti lọ sílẹ̀ pátápátá, mi ò ní kó o ran ọkọ mi, mo sì lè bímọ tí kò ní kó o. “Ọmọ mi, mú un wá, kí a jọ bá a sọ̀rọ̀.” Mo gbọ́, mo gba oògùn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó... ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn màmá mi padà wá, wọ́n ní májèlé ni gbogbo oògùn yẹn, mo sì da ti orí àti ti ẹ̀jẹ̀ pa pọ̀ sínú ṣáláńgá. Àbúrò mi ló ká mi mọ́ ibẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bá mi lọ gba òmíràn, ṣùgbọ́n kò bá mi ṣeré mọ́. Tí ohùn yẹn bá dé nígbà tí mo bá wà nílé ọkọ ńkọ́, ta ló máa mọ ohun tí mo dànù?

Wọ́n ti kéde wa lẹ́ẹ̀mejì. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, nígbà tí alùfáà ní kí ẹni tó bá mọ ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fẹ́ ara wa sọ ọ́, àbúrò mi fún ọwọ́ mi pọ̀ títí ó fi dùn mí. Sọ́ńdè yìí ni ẹ̀kẹta. Ó ní bí mi ò bá tíì sọ fún ọkọ àfẹ́sọ́nà mi, òun máa dìde, pé ẹ̀jẹ̀ òun ni wọ́n fi purọ́.

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì padà. Bẹ́ẹ̀dì wa ló ń kàn lọ́wọ́. Tó bá sá lọ ńkọ́? Tó bá sọ fún ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ irú rẹ̀ fún èèyàn rí, ẹ bá mi dá sí i kó tó di Sọ́ńdè: èwo ni kí n kọ́kọ́ mú jáde... ti orí mi, ti tramó, àbí ti ẹ̀jẹ̀?