Màmá Arlys Vondra, Ẹni Tó Ń Tún Ọ̀rọ̀ Sọ Bó Ṣe Jẹ́

Wọ́n ní Màmá là á mọ́lẹ̀ nípàdé ọjọ́ yẹn pé ọmọ tó bá ti wọ ilé ìkàwé òun, kì í ṣe ti òbí rẹ̀ mọ́... wọ́n ní wọ́n tún... ẹ má dárúkọ mi o, èmi náà gbọ́ ọ ni... Ẹ̀yin ará Prosek, ẹ ti gbọ́ ọ rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1949 ni a bí Màmá àgbà wa sí oko àgbàdo Emil àti Blanche Hajek, lẹ́bàá Prosek, ní Nebraska. Ìyá wọn ló kọ́ wọn ní ìwé kíkà, lórí tábìlì tí ìyẹ̀fun kolache, àkàrà òyìnbó dídùn wọn, kì í tán lára rẹ̀. Ní 1971, Màmá ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Bàbá àgbà wa, Duane. Ní 1974, ilé ìkàwé ìlú bọ́ sí ọwọ́ wọn. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì inú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, àwọn ni wọ́n ń din ẹja fún ìjọ.

Ní 2021, Ọ̀gbẹ́ni Delbert Kucera mú ìwé kan wá sípàdé ilé ìkàwé, ó ní kí wọ́n mú un kúrò lórí pẹpẹ. Ibẹ̀ ni àhesọ tí ẹ gbọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, àhesọ náà ló sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Màmá.

Màmá kò bínú. Orí tábìlì ilé ìdáná ni wọ́n ti ṣí ojú ìwé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé tí wọ́n ń sọ fún pé kí wọ́n kó ìwé kúrò. Láti Idaho dé Florida ni wọ́n ti ń kọ̀wé béèrè ìmọ̀ràn. Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ kò yí padà rí: “Ẹ bu kọfí fún ẹni tó wá ṣàròyé. Ẹ tún ohun tó sọ sọ fún un bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kí ẹ tó dáhùn. Ẹni tó bá dáhùn ohun tí wọn ò sọ, ìjà ló ń wá.”

Bàbá a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: “Arlys, gbogbo Amẹ́ríkà lò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ọ̀rọ̀ sọ. Ta ló wá tún tìẹ sọ?”

“Ẹnì kan á dé.” Màmá á wá yíjú sí fèrèsé, níbi tí òrùlé ilé ìkàwé ti hàn.

Màmá sùn ní oṣù Kẹta, 2024. Wọ́n fi Bàbá sílẹ̀, àti àwọn ọmọ, Joleen àti Curtis, àti àwa ọmọ-ọmọ, Tessa, Brigid àti Wade.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Kucera gbé abọ́ kolache wá sílé wa, ó ṣí fìlà.

“Ọdún mẹ́ta lo fi ń bọ̀, Delbert?” Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀.

“Ojú ń tì mí, Duane. Èmi ni Arlys bá sọ̀rọ̀ nípàdé yẹn. Mo mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń gbé kiri, mo dákẹ́, torí irọ́ yẹn ló jẹ́ kí n borí.”

Ó sì tún ọ̀rọ̀ Màmá sọ. Màmá, ẹ sùn ní ìrọ̀rùn. Ọ̀rọ̀ yín ti padà wálé bí ẹ ṣe sọ ọ́:

“Delbert, o ní o ò fẹ́ kí ọmọ rẹ ka ìwé yìí. Ìwọ ni bàbá rẹ̀, ẹnu rẹ ló máa gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíì náà ní bàbá. Ìwé yìí á wà lórí pẹpẹ. Jókòó, jẹ́ ká jọ kà á.”