Ìjà Omi Tó Wọ Ìwé Ìròyìn

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Kẹta, 2007
Orí kẹta ìwé mi gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ olóòtú ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Bí kò bá dé, ìgbéga mi ní yunifásítì di ẹ̀yìn ọdún nìyẹn. Àwòrán kan péré ni gbogbo rẹ̀ dá lé: Festac ní Èkó, 1984, obìnrin méjì wọ̀yá ìjà nídìí ẹ̀rọ omi, bọ́kẹ́ẹ̀tì ti dojú dé. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Àwọn ìyàwó ilé lu ara wọn nítorí omi." Irọ́! Ìwọ́de sí ìjọba nítorí omi ni. Àwọn akọ̀ròyìn ọkùnrin ló sọ ọ́ di ìjà orogún. Ojú wọn á rí màbo nínú ìwé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6
Kò síná. Mi ò kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 9
Mo parí ẹ̀! Ó dùn bí oyin. Alága — Gbádébọ̀ ọkọ mi, tí kò ṣe alága ohunkóhun rí — kà á, ó ní ṣé mo ti bi àwọn obìnrin náà léèrè. Ta ló mọ̀ wọ́n? Ìwé ìròyìn ò kọ orúkọ wọn. Ó ní Festac ò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí máa ń bí mi nínú tó bá sọ òótọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 11
Mo há ẹ̀dà àwòrán náà sínú Bíbélì. Kí Olúwa foríjì mí. Lẹ́yìn ìsìn, mo fi han Màmá Fọláyan, tí wọ́n máa ń fi ojú lásán pa ọmọ lẹ́nu mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n kígbe: "Yéè! Búláòsì mi rèé! Rosaline, wá wo ara ẹ!" Màmá Rosaline, obìnrin kejì inú àwòrán náà, sáré kúrò láàárín àwọn akọrin wá. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní ìwọ́de ni, àbí? Màmá Fọláyan ní: "A wọ́de títí dé Alákijà, oníròyìn kankan ò yọjú. A kọ lẹ́tà, wọn ò wá. Mo wá ní kí Rosaline jẹ́ ká jà. Dókítà, kíá ni fótò dé! Omi náà sì dé. Àmọ́ ìyàwó ilé kẹ̀? Akọ̀wé ìjọba àpapọ̀ ni mí nígbà yẹn!" Màmá Rosaline ní àdéhùn àwọn ò ní irun fífà nínú.

Màmá Fọláyan wá wò mí lójú: "Ìwọ náà, ká ní ìwọ́de lásán ni, ṣé o máa wá?"

Mo ki àwòrán náà padà sínú Bíbélì.

Ọjọ́ Ajé, 12
Mo pe olóòtú pé orí kẹta ò ní dé. Ìgbéga ti di ẹ̀yìn ọdún. Ó dùn mí. Síbẹ̀ mò ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀: àwọn obìnrin tí mò ń gbèjà wọn ti tan akọ̀ròyìn, wọ́n tan èmi náà mọ́ ọn.

Orí kìíní ńkọ́, èyí tí mo ti kọ́kọ́ tẹ̀ jáde lọ́tọ̀, tí gbogbo ènìyàn yìn? Àwòrán obìnrin kan tó ń sunkún ní Satellite Town ló dá lé. Mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún.