Mi Ò Ní Dá Kẹ̀kẹ́ Oníbátìrì Yìí Padà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ohùn ẹkún pe ara wa lórí fóònù. Ara tèmi le, ojú mi ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́ láìlo awò. Mo tètè sọ ọ́ kí o tó gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gbọ́.

Àbúrò bàbá rẹ wá jíṣẹ́ rẹ fún mi. Ó ní o ń gbé ọkọ̀ bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá gbé kẹ̀kẹ́ tí o rà fún mi lọ, pé ara mi ti di ara àgbà, kí n jókòó. Mo gbọ́. Mi ò gbà. Kẹ̀kẹ́ tí o fún ìyá rẹ kì í ṣe àga àyálò tí wọ́n máa wá kó bí àwọn àlejò bá ti lọ. Jẹ́ kí n ro ẹjọ́ tèmi fún ọ, nítorí ìwọ gan-an lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ náà dé, ìwọ lo sọ fún mi lórí fóònù pé bí mo bá ti fa bíréèkì, iná á máa padà sínú bátìrì. Ohun tí o sọ nìyẹn, o ò sọ bí èyí tó ń padà ṣe kéré tó. Mo wá ro ó pé bí bíréèkì bá ń mú iná wá, kí ni mo tún ń ki ṣájà bọ ògiri fún? Mo ká ṣájà, mo fi sínú àpótí. Ṣùgbọ́n nítorí pé mi ò fẹ́ wàhálà ìjọba, mo kọ́kọ́ lọ sí káńsù, mo bi akọ̀wé tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé mo máa sanwó iná tí mo bá rí kó lórí òkè iwájú ilé wa, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé títì káńsù ni. Ó wò mí títí, ó ní kí n máa kó o lọ, pé òun fi ta mí lọ́rẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọlúàbí ni.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa bíréèkì nìyẹn o. Mo fà á lórí òkè, mo fà á ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, mo sáré díẹ̀ mo fà á, mo sáré díẹ̀ mo fà á, àwọn tó wà lẹ́yìn ń bú mi, mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, mò ń kó iná ni. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà kejì tí mo fẹ́ gbé aṣọ tí mo rán lọ fún, kẹ̀kẹ́ ti kú pátápátá. Mo tì í lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ilé epo, mo ní ẹ̀rọ tí ọmọ mi rà ń jí iná mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Mọ́mì, iná tí ẹ fi ń sáré pọ̀ ju èyí tí bíréèkì ń dá padà lọ fíìfíì, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ dúró lóòótọ́ nìkan ni kí ẹ fà á. Ó yé mi, nítorí bí mo bá rán aṣọ tán tí mo tún tú u, òwú tí mo máa rí padà kò lè tó èyí tí mo fi rán an láé. Mo lọ yọ ṣájà jáde nínú àpótí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìṣubú tí wọ́n fi ń bà mí lórúkọ jẹ́. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gbé yúnífọ́ọ̀mù àwọn nọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn, kẹ̀kẹ́ ti wà lórí iná mọ́jú, bátìrì kún dẹ́nu. Mo bọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo rọra fa bíréèkì bí mo ṣe máa ń fà á, kẹ̀kẹ́ ò dá mi lóhùn. Mo pariwo mọ́ ọn, kò gbọ́. Òkìtì lẹ́búlẹ́bú pákó níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló dá wa dúró. Mo dìde, mo gbọn ara mi nù, kò sí ìdọ̀tí lára yúnífọ́ọ̀mù kankan. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá rẹ, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí àpò sìmẹ́ńtì, ti pè ọ́ pé ìbàdí mi ti dá. Ìbàdí wo? Ṣé ìbàdí tí mo fi gbé kẹ̀kẹ́ dìde?

Mo bi atúnkẹ̀kẹ́ léèrè. Ó ní bátìrì tó ti kún kò láyè tó máa gba iná sí mọ́, bí ẹni tó ti yó tí wọ́n tún ń bu oúnjẹ fún, nítorí náà bíréèkì oníná yẹn ò ní fi bẹ́ẹ̀ mú kẹ̀kẹ́ dúró. Rọ́bà bíréèkì ló yẹ kó mú un, rọ́bà tèmi sì ti jẹ tán. Ṣé o rí i? Kì í ṣe ọjọ́ orí mi. Rọ́bà ni. Ó bá mi fi àlòkù kan sí i, ó ní níwọ̀n bí ilé mi ti wà lórí òkè, kí n máa yọ ṣájà kí bátìrì tó kún, pé yóò tún jẹ́ kó pẹ́ láyé. Ní Tọ́sìdé mo fi ọwọ́ méjèèjì fa bíréèkì sọ̀kalẹ̀, mo jẹ́ gbogbo iṣẹ́ mi, mo gun òkè padà wálé, iná ṣì wà nínú rẹ̀.

Ọmọ mi, o mọ yàrá tí mo ti ń ránṣọ. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, tí orúnkún mi ò sì gba ìrìn gígùn mọ́, etí fèrèsé yẹn ni mò ń jókòó sí, tí mò ń wo ọ̀nà bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀. Àwọn oníbàárà ò gun òkè wá mọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò ní bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ àfi ẹ̀rọ ìránṣọ. Ní báyìí èmi ni mò ń lọ bá wọn. Mo wọn aṣọ fún ìyá kan tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi òun pé irú ọrùn aṣọ wo ni òun fẹ́. O wá fẹ́ kí n padà sí etí fèrèsé? Mi ò lọ.

Bí o bá dé ní Sátidé, o ò ní bá mi nílé. Bí o bá pàdé mi lójú ọ̀nà, má fun fèrè mọ́ mi. Owó epo tí o fẹ́ fi wá yẹn, fi ránṣẹ́ sí mi kí n fi ra rọ́bà bíréèkì tuntun àti akoto kan, kó jẹ́ pupa fòò, kí àbúrò bàbá rẹ lè máa rí mi láti òkèèrè.

Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́, á ṣọ́ ìyàwó wa. O ó dàgbà, o ó darúgbó, àwọn ọmọ rẹ á fẹ́ wá gba ohun tí o fẹ́ràn lọ́wọ́ rẹ, Ọlọ́run á sì fún ọ lágbára láti kọ̀ fún wọn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.