Ohùn Àbúrò Mi Tó Ti Kú Ló Ń Jí Màámi

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi síta, ìlú wa ò tóbi. Àbúrò mi ti kú, wọ́n sì ti sin ín sí ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n òun ló jí màámi láàárọ̀ yìí, òun ló ní kí wọ́n lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, òun náà ló bi wọ́n pé ṣé orúnkún ṣì ń dùn wọ́n. Èmi ni mo ń mú un sọ̀rọ̀. Kì í ṣe iwin o, kì í sì í ṣe oògùn, ẹ̀rọ ni... ẹ ṣáà fara balẹ̀ kà á délẹ̀ kí ẹ tó máa bú mi, torí mo ti bú ara mi tán kí n tó wá síbí.

Èmi ni àkọ́bí. Tíṣà ni mí ní Ìjagun, ọ̀dọ̀ màámi ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo sì ń gbé láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn wọ́n. Àbúrò mi yìí nìkan ni ọkùnrin tí wọ́n bí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ìyá oníyàá ló ń wẹ̀, ìyá oníyàá ló ń fún lóńjẹ, ó sì máa ń dùn ún pé tirẹ̀ wà nílé. Ìgbà tó wálé kẹ́yìn, ó kó ẹ̀rọ wá bí ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó de aago kan mọ́ màámi lọ́wọ́, pé tí wọ́n bá ṣubú, phone mi á pariwo. Ó gbé tablet kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, tí á máa sọ̀rọ̀ tí àkókò oògùn bá tó. Ojú màámi ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí wọn dá ṣáṣá, tí ẹ bá ń tú kúlíkúlí nínú ọ̀rá níta, wọ́n á gbọ́. Ohùn ara rẹ̀ ló kà sínú tablet yẹn, ó jókòó sí yàrá, ó ń kà á títí ohùn fi fẹ́ há. Màámi, ẹ kú ojúmọ́ o. Màámi, oògùn funfun ló kàn. Màámi, ẹ mu omi sí i. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé rédíò ló fẹ́ dà ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀rọ yẹn ràn wá lọ́wọ́. Màámi tó máa ń fi oògùn pamọ́ sábẹ́ pílò bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó déédéé. Ọjọ́ tí wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, inú kíláàsì ni mo wà tí phone mi fi figbe ta, ọ̀kadà ni mo gùn délé, mo bá wọn nílẹ̀. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yíwọ́.

Àfi bí àbúrò mi ṣe lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ṣubú lulẹ̀, kò dìde mọ́. Òun tó de aago mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, kò sí aago lọ́wọ́ tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló pè mí. Mo wọ ilé ìgbẹ́ ilé ìwé wa lọ, mo fi ìborùn dí ara mi lẹ́nu kí àwọn ọmọ má baà gbọ́.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa. Òbí kì í rí òkú ọmọ rẹ̀, arúgbó tí ara rẹ̀ ò yá kì í sì í gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá wa wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, àwọn àgbà kó ara wọn jọ, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí màámi. Wọ́n gba phone kékeré ọwọ́ wọn, wọ́n ní ó bàjẹ́. Wọ́n lọ bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n má wá bá wa kẹ́dùn. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún, kó lọ sun ún nílé ara rẹ̀. Gbogbo ihò ni wọ́n dí pátá, kò sẹ́ni tó rántí tablet. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn àgbà ṣì wà ní pálọ̀ tí ohùn òkú fi jáde láti inú yàrá, Màámi, ẹ kú ojúmọ́ o, ṣé ẹ sùn dáadáa. Bàbá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ sá jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Nígbà tí ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ pa á o, pé Ọlọ́run ló fi í sílẹ̀ láti bá wa bo àṣírí. Bí wọ́n ṣe padà sílé wọn nìyẹn, tí wọ́n fi èmi nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Màámi máa ń dá a lóhùn. Tó bá ti kí wọn tán, wọ́n á ki í, Àjàní ọkọ mi, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. O ò ní kú ní kékeré. Ìwọ lo máa sin mí, èmi ò ní sin ọ́. Èmi tí mo ń po ògì lọ́wọ́, èmi ni mo ń bá òkú ṣe àmín. Tí n ò bá ṣe é, wọ́n á bi mí pé ṣé mi ò fẹ́ ire fún àbúrò mi ni. Ẹ bá mi wò ó... báwo ni kí n ti ṣe é?

Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí wọn sí i. Wọ́n ní kí ló dé tí Àjàní kì í dáhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ bí ayékòótọ́, àbí ìyàwó rẹ̀ ni kò jẹ́ kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́? Wọ́n gbé oògùn tì. Wọ́n ní àfi kí Àjàní dá àwọn lóhùn. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo lọ oògùn sínú ògì, wọ́n tu ú jáde. Ẹsẹ̀ wọn wú. Àsìkò yẹn gan-an ni app inú tablet yẹn ṣe update, mo wá rí àpótí kékeré kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé tí mo bá kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ lórí phone mi, á sọ ọ́ jáde ní ohùn tó ti wà nínú rẹ̀. Mo wò ó títí. Mo pa phone, mo tún tan án. Mo wá kọ ọ́ pé, Màámi, ẹ má bínú, iṣẹ́ ló pọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lo oògùn yín. Ó sì sọ ọ́. Ó ń wọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, Ìjẹ̀bú tó máa ń bá màámi sọ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó ń sọ Yorùbá bí oníròyìn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni. Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òtútù ọ̀hún ti mú un lọ́fun, kó wá nǹkan gbígbóná mu. Wọ́n nawọ́ gba oògùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹnu òkú. Màá wà ní staff room, màámi á sọ̀rọ̀ nílé, tablet á gbé e dé orí phone mi, màá kọ èsì. Irọ́ wá ń bí irọ́. Mo ti mú un sọ pé wọ́n gbé e ga níbi iṣẹ́. Mo ti mú un sọ pé òun ń bọ̀ tí ìwé òun bá jáde. Ẹ̀jẹ̀ màámi wálẹ̀, wọ́n ń jẹun, dókítà ń yìn mí, ohun tó sì ń pa mí nìyẹn, pé ó ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ ìsinmi kan tí mọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì wá gbé màámi, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, mo kọ ọ́ bó ṣe máa ń pè mí, pé, Sìsí, ẹ kú iṣẹ́ màámi o, mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Mo ní kó sọ ọ́. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo tún ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i... mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó àbúrò mi pè mí lórí fídíò. Mi ò rántí pé àkókò oògùn ti tó. Ohùn ọkọ rẹ̀ jáde lẹ́yìn mi, ọmọ wọn kékeré gbọ́ ọ lọ́hùn-ún, ó ní Daddy, ó dìde, ó ń wá a láti yàrá dé yàrá. Ìyàwó wa ò bú mi. Ó kàn ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí ọkọ òun sinmi. Ó ní ṣebí àwọn àgbà ló ń sọ pé ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ, kí a jẹ́ kí màámi mọ̀, kí wọ́n sunkún ọmọ wọn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá tú u fún màámi ló pa màámi. Ọ̀rọ̀ tàwọn méjèèjì ló jọ òótọ́ létí mi. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ohun tó gbé mi wá síbí ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ara màámi ò le mọ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ní kí n gbá yàrá Àjàní, kí n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dè é. Wọ́n wá ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń dá gbàdúrà, pé tí ó bá kí àwọn láàárọ̀ ọ̀la, àwọn á bi í ní gbangba pé ṣé òun ló máa sin àwọn, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Tí àwọn bá ti gbọ́ ọ, ọkàn àwọn á balẹ̀. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n wá bi mí pé kí ló dé tí àmín tèmi máa ń gbọ̀n. Mo gbé báàgì mi, mo ní mo ti pẹ́ síbi iṣẹ́. Ṣé wọ́n ti mọ̀ ni? Tí wọ́n bá ti mọ̀, kí ló dé tí wọ́n ṣì fẹ́ bi í? Tí wọn ò bá mọ̀, ṣé èmi ni màá wá mú òkú ṣe ìlérí pé òun á sin ìyá òun? Tí mo bá sì pa ẹ̀rọ yẹn, tí wọ́n bi í tí kò dáhùn, ṣé mi ò ti sọ ọ́ fún wọn nìyẹn?

Ilẹ̀ ọ̀la ò ní pẹ́ mọ́. Mo wà ní staff room, àpótí kékeré yẹn ló ṣí sílẹ̀ níwájú mi yìí. Mo ti kọ “Èmi ni, Màámi” síbẹ̀, mo ti pa á rẹ́. Mo ti kọ “Ẹ dárí jì mí”, mo ti pa ìyẹn náà rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọmọ, ẹ jọ̀ọ́... kí ni kí n kọ síbẹ̀?