Téèpù Mi àti Òṣùwọ̀n Ẹ̀gbọ́n Mi

Olóòtú wa àtàtà, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi o, àwọn oníbàárà mi ń gbọ́ ètò yín. Aránṣọ ni mí.

Búrẹ́dì àti tíì ni mo máa ń jẹ láàárọ̀ tẹ́lẹ̀. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ebi á ti fojú mi rí màbo. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé aṣọ wá fún mi rán ló ní kí n máa jẹ ẹyin méjì àti ẹ̀wà dípò búrẹ́dì. Oṣù mẹ́ta rèé, mo ń ránṣọ dọ́sàn-án láìrántí oúnjẹ. Èmi tí bisikíìtì ń pè lórúkọ!

Lọ́jọ́ kan, síkẹ́ẹ̀tì mi fẹ́ bọ́ nídìí mi. Mo wọn ìbàdí mi: íǹṣì méjì ti lọ. Mo rò pé téèpù mi ló ti fà, torí téèpù tó bá gbó máa ń fà, á wá máa dín íǹṣì kù. Ọjọ́ méjì gbáko ni n kò fi gé aṣọ oníbàárà kankan. Mo ra téèpù tuntun. Ohun kan náà ló sọ.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ jáde, ó ní, "Gun orí ẹ̀ ká wò ó." Kílò ọgọ́rin tí mo jẹ́ lórí òṣùwọ̀n yìí kan náà lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ṣì jẹ́! Ó ní, "Ṣé o rí i? O kàn ń fi ẹyin ṣòfò ni."

Olóòtú wa, òṣùwọ̀n ẹ̀gbọ́n mi kò bàjẹ́, téèpù mi náà kò fà. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: níbo ni íǹṣì méjì yẹn gbà lọ tí kò fi mú kílò kan ṣoṣo dání?