Apọnmọ àti Aboyún

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án 2025. Wilhelmsburg.

Ó rẹ̀ mí. Kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ná kí n tó kọ nǹkan mìíràn.

Lánàá, èèyàn mẹ́jọ ni mo kó bọ̀ láti Berlin nínú Kò-Kún-Rí. Bọ́ọ̀sì mi nìyẹn. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ, torí kò sí ọjọ́ kan tí ẹnì kan ò ní sọ pé àyè ṣì wà. Ìyá kan àti ìkókó rẹ̀. Tọkọtaya kan. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta. Mọ́rúfù, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté — òun kì í tilẹ̀ ṣe èrò mọ́, ó ti di ara bọ́ọ̀sì. Páálí iṣu mẹ́rin. Ẹnì kan bì sí ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Èmi ni mo nù ún láàárọ̀ yìí kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Dókítà ní èjìká mi ti parí. Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń so kọ̀ǹténà mọ́ ọkọ̀ ojú omi, ó tó gẹ́ẹ́. Òpin oṣù kẹwàá ni n ó ṣíwọ́. Wọ́n á fún mi lówó ìdágbére, mo sì ti mọ ohun tí mo fẹ́ fi rà: mọ́tò asáré. Irú èyí tó balẹ̀ débi pé èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí títì.

Kì í ṣe torí eré. Torí Folúkẹ́ ni.

Ìyàwó mi ń ṣe irun ní Wedding, ní Berlin. Èmi wà níbí ní Hamburg. Ọdún kan péré la ní a ó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, mo lọ ní ọjọ́ Ẹtì, mo padà ní ọjọ́ Àìkú. Mo rò ó títí lónìí: láti ìgbà tí mo ti ra bọ́ọ̀sì, èmi àti Folúkẹ́ kò tíì dá wà nínú ọkọ̀ rí. Ẹnì kan ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ẹnì kan ní ìpàdé ní Ausländerbehörde, ọ́fíìsì tó ń rí sí ìwé àwọn àjèjì. Ẹni tó bá ní mọ́tò láàárín wa níbí, dírẹ́bà gbogbo ìlú ni.

Mo sì ní ohun tí mo fẹ́ bi í. Ṣé kí n kó wá sí Berlin, kí a máa gbé pọ̀? Mi ò lè bi í nílé. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wọlé wá gbé oúnjẹ kaná ní kíṣìnnì wa. Mi ò lè bi í lórí fóònù. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú mọ́tò ni. Àwa méjì péré.

Ọjọ́bọ̀, 4.

Méjì ni mo rí tí agbára mi ká. Èkíní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, ó kọjá táyà ẹ̀yìn. Mo sọ ọ́ ní Apọnmọ. Èkejì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín, ní ẹ̀yìn ìbàdí awakọ̀ gan-an. Aboyún nìyẹn. Ẹni tó bá ti so kọ̀ǹténà rí mọ ohun tí mò ń wí: ibi tí ẹrù bá wà ni ọkọ̀ ń fà sí. Apọnmọ tètè ń gbéra, torí ẹrù rẹ̀ tẹ táyà tó ń ti ọkọ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ní kọ́nà, ìdí rẹ̀ lè fẹ́ ṣáájú orí. Aboyún dọ́gba, ibi tí o bá yí i sí náà ló ń lọ.

Apọnmọ ní ìjókòó kéékèèké méjì lẹ́yìn. Aboyún kò ní. Iwájú nìkan, èèyàn méjì, ó parí.

Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn òyìnbó ń bú ara wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí bí ọmọ orogún tó ń pín ogún. Mia, ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ní Leipzig, fèsì sí fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́: "Papa, echt jetzt?" Ó ń bi mí bóyá òótọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 12. Berlin.

Mi ò tíì wọlé tí wọ́n fi ní kí n lọ sí pápákọ̀. Folúkẹ́ tẹ̀ lé mi, ìyá oníbàárà rẹ̀ kan ló ń bọ̀ láti Èkó. Ní àbọ̀, màmá sùn lẹ́yìn, Folúkẹ́ sùn níwájú, orí rẹ̀ fara ti gíláàsì. Mọ́rúfù nìkan ló lajú. Ó béèrè èjìká mi.

Mi ò mọ bí ẹnu mi ṣe ṣí. Inú dígí ni mo ti ń wò ó tí mo ń rò fún un. Pé ìdúró ni mo ń jẹun lálaalẹ́, lẹ́bàá síńkì, torí mi ò rídìí tí èèyàn á fi tẹ́ tábìlì fún ara rẹ̀. Pé ẹ̀rù ń bà mí kí n má kú sí Wilhelmsburg ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó di ọjọ́ Ajé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Pé mo fẹ́ kó wá sí Berlin, àmọ́ mi ò mọ bí Folúkẹ́ ṣe máa gbà á. Mọ́rúfù ní, "Ẹ̀gbọ́n, e go better. Ẹ ṣáà bi wọ́n." Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13.

Mo lọ wa Apọnmọ wò. Leon ló ń tà á, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ funfun nini. Mọ́rúfù bá mi lọ. Mo rò pé òde ló máa dúró sí. Kí n tó wí nǹkan kan, ó ti ká ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n. "Ẹ̀gbọ́n, àyè wà o!"

Leon kìlọ̀ fún mi: bí ẹ̀rù bá bà mí ní kọ́nà, n kò gbọdọ̀ ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tí à ń tẹ̀ fún eré, kí ìdí má baà ṣáájú orí. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu. Mọ́tò náà dùn. Ó ń tì mí lẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ kí n tètè délé. Ká sòótọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí Mọ́rúfù bá ti lè jókòó, gbogbo Wilhelmsburg lè jókòó síbẹ̀.

Ọjọ́rú, 17.

Èjìká. Òjò. Kò sí ohun mìíràn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20.

Mo kọ Kündigung fún onílé, pé mo fẹ́ kó jáde. Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Ó di ìgbà tí Folúkẹ́ bá ní kí n máa bọ̀.

Bí ó bá ní kí n má bọ̀ ńkọ́? Mi ò fẹ́ ronú débẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23.

Aboyún. Ìyá àgbàlagbà kan ló ni ín, Amelie, létí odò Elbe, lápá ibi tí àwọn olówó ń gbé. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á, orúnkún ló ní kó jáwọ́: ó ní wíwọlé ò le, jíjáde ni kò ṣeé ṣe mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó bi mí ta ni mo fẹ́ máa gbé. Mo ní ìyàwó mi. Ó ní kí n gbé mọ́tò náà lọ sí Berlin lópin ọ̀sẹ̀ ná, kí ìyàwó mi jókòó sí i, kí n fi bọ́ọ̀sì mi sílẹ̀ fún òun. Mi ò rírú ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 26. Berlin.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá rin títì márosẹ̀ Autobahn yìí. Mọ́rúfù ti dúró pẹ̀lú báàgì rẹ̀ nígbà tí mo gbé mọ́tò dé. Ó yí i po. Ó wo inú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni èmi máa jókòó?" Mo ní ọkọ̀ ojú irin wà. "Ah. Selfish motor leléyìí o." Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún. Ó dun èmi náà.

Folúkẹ́ wò ó láti ojú fèrèsé. Ó kàn ní ó pupa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27.

Ṣọ́ọ̀bù kún dẹ́nu. Folúkẹ́ ní ọ̀la.

Ọjọ́ Ajé, 29. Wilhelmsburg.

Mo ti ra Aboyún. Mo pe Amelie láàárọ̀ yìí. Mo sì fa lẹ́tà Kündigung ya. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì pọ̀ á ní orí mi ti dà rú, nítorí náà kí n kọ bó ṣe lọ.

Lánàá, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, a kúrò ní Wedding. Àwa méjì. Ó gbé báàgì lé itan bí ẹni tó wọ ọkọ̀ èrò. Ẹ́ńjìnnì ń kùn lẹ́yìn ọrùn wa. Mo bi í bóyá ooru ń mú un. "Rárá, ẹ ṣé." Mo sọ fún un ibi tí ẹ́ńjìnnì wà. Ó ní òun ń gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tán. Gbogbo ohun tí mo ti ń tò jọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mi ò rí ọ̀kan mú jáde.

Ogún ìṣẹ́jú. Ó wá ní, "Bàbá Mia, ta lẹ̀ ń wá lẹ́yìn?"

Mi ò mọ̀ pé dígí ni mo ń wò ṣáá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìdérí ẹ́ńjìnnì.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó ní ìjókòó lẹ́yìn ni kí ẹ rà."

Inú bí mi. Mo ní àwọn èèyàn yẹn ti jẹ ayé wa tán, mo ní torí tirẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ lé wọn. Ó ní, "Àwọn ni mo fi ń gbọ́ yín. Ìgbà tí bàbá yín kú, obìnrin tí ẹ gbé lọ sọ́sibítù lẹ sọ bó ṣe dùn yín tó fún. Èmi, ẹ kàn ní bàbá ti lọ. Èjìká yín, ẹnu Mọ́rúfù ni mo ti gbọ́ ọ. Èmi kì í sùn nínú bọ́ọ̀sì. Ojú ni mo ń dì."

Ojú tì mí. Mi ò rí ibi wò. Ọdún mọ́kàndínlógún, ìyàwó mi ń di ojú kó lè gbọ́ ohùn mi.

Ó ní, "Mo gbọ́ èyí tí ẹ sọ lọ́jọ́ tí a ń ti pápákọ̀ bọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún èmi náà."

Mo sọ ọ́. Síńkì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta sí ọjọ́ Ajé. Ohùn mi dà bí tẹni tó ń jẹ́jọ́. Mo wá bi í: ṣé kí n máa kó bọ̀?

Ó ní, "Rárá. Ẹ má tíì kó wá. Ẹni tí mo bá fẹ́ bá gbé, ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n. Ìròyìn yín ni mo mọ̀, Bàbá Mia. Mi ò mọ̀ yín. Ẹ̀yin náà ò sì mọ̀ mí."

Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Mi ò ní fi pamọ́ fún ìwé yìí. Mo wá ibi tí èèyàn lè gbà yà kúrò lórí Autobahn, kí n gbé e padà sílé, kí n máa lọ sí Hamburg mi.

Ó ní, "Ibo lẹ̀ ń yà sí?"

Mo ní ilé.

"Mi ò tíì sọ tèmi."

Ó gbé báàgì kúrò lórí itan, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg ló ti bẹ̀rẹ̀, tí Mia jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, tí òun dúró ní ibùdókọ̀ tí kò mọ ọ̀nà ilé. Mi ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. A kọjá Potsdam. A kọjá Werder. Epo ti ń tán lọ, ìtàn rẹ̀ kò sì tíì dé ọdún tí Mia wọ ilé-ìwé; inú Aboyún ni n ó ti máa gbọ́ ìyókù.